Àpótí Orí Káńtà

Ọjọ́ Ajé, 14 Ọkitóbà 1996

Ẹsẹ̀ mi o! Ẹ gbà mí. Ọ̀sẹ̀ méjì géérégé tí wọ́n ti kéde Ìpínlẹ̀ Èkìtì, láti ọjọ́ náà ni mi ò ti jókòó jẹun. Adó ti kún, kò sí yàrá mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń kó bọ̀ láti Àkúrẹ́, àti àwọn kọngílá tí wọ́n ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn, ọ̀dọ̀ wa ní Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n ń wá sùn. Yàrá méjìlá la ní. Ọ̀gá Akíndélé tó ni òtẹ́ẹ̀lì kó àpò ìrẹsì kúrò nínú sítọ́ọ̀, ó gbé bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀, ó ní yàrá kẹtàlá nìyẹn. Àlejò tó kọ́kọ́ sùn níbẹ̀ bi mí láàárọ̀ pé kí ló dé tí yàrá òun ń rùn bí ẹja gbígbẹ. Mo ní atẹ́gùn ni, sà.

Èmi àti Hàlímàt là ń tún yàrá ṣe, àwa là ń gbé oúnjẹ, àwa náà là ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Wàhábì ń se oúnjẹ. Owó oṣù ò yí padà: ẹgbẹ̀fà náírà fún èmi, ẹgbẹ̀rin fún Hàlímàt. Gàrí sì ti di náírà méjìlélógún kóńgò kan.

Ká má purọ́ ṣá, àwọn àlejò wọ̀nyí lawọ́. "Màmá, ẹ fi ra ọṣẹ." Mẹ́wàá níhìn-ín, ogún lọ́hùn-ún. Òun ló ń mú kí ẹsẹ̀ mi máa gbé mi.

Ọjọ́bọ̀, 17 Ọkitóbà

Ìwé Hàlímàt dé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì! Wọ́n ti gbà á. Yóò di tíṣà. Ọmọ náà ò lè dúró lójú kan, ó gbé ìwé náà lọ han Wàhábì nídìí ààrò, Wàhábì fi ọwọ́ ọ̀rá tẹ̀ ẹ́, igbe ta. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ti ìforúkọsílẹ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ náírà ni wọ́n sì ń gbà. Bí kò bá san án, wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Èmi ni mo mú un wá síbí. Ìyá rẹ̀, tí a jọ ń tajà ní Òde-Èkìtì nígbà tí ọkọ mi ṣì wà láyé, fà á lé mi lọ́wọ́ ní oṣù keje. Ó ní, "Màmá Bùsọ́lá, ọmọ yín nù un o." Ọmọ mi ni lóòótọ́. Ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀ ju Bùsọ́lá tí mo bí lọ.

Ọjọ́ Ajé, 21 Ọkitóbà

Ọ̀gá pè wá sídìí káńtà. Ó ti ní kí káfíńtà kan àpótí kan, ihò wà lórí rẹ̀, àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní láti òní lọ, ohunkóhun tí àlejò bá fún ẹnikẹ́ni nínú wa, inú àpótí yìí ni. Tí oṣù bá parí, a ó ṣí i, a ó pín in bí ọmọ ìyá. Ẹni tó bá tọ́jú tirẹ̀ sápò, olè ni, kó máa lọ sílé.

Inú Wàhábì dùn, àlejò kì í kúkú wọ ilé ìdáná wá ta á lọ́rẹ. Èmi náà ní ó dára, nítorí ohun tó bá wọlé, àgbà ni í pín in. Mo tiẹ̀ ṣàdúrà fún Ọ̀gá níbẹ̀. Gbogbo wa ṣe àmín.

Ọjọ́bọ̀, 31 Ọkitóbà

Wọ́n san owó. Inú ń bí mi gidigidi.

Ọ̀gá ṣí àpótí níṣojú wa. Ó kún dé ẹnu. Ó kà á, ó ka ẹgbẹ̀fà fún mi, ó ka ẹgbẹ̀rin fún Hàlímàt, ó ka ti Wàhábì. Èyí tó kù, ó rọra gbá a jọ, ó kì í bọ àpò agbádá. Mo dúró. Mo rò pé owó oṣù ṣì ń bọ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣeun o. Owó oṣù wa ńkọ́?"

Ó wò mí bí ìgbà tí mo bi í pé kí lorúkọ ìyá rẹ̀. "Kí lo gbà yẹn?"

"Ti àpótí la gbà yẹn, sà. Ẹ ní ẹ máa pín in."

"Ṣé mi ò pín in ni?"

Hàlímàt di ìdí ìró mi mú láti ẹ̀yìn. Ó mọ̀ mí, ó mọ̀ pé ẹnu mi kì í gbé jẹ́ẹ́. Mo ká owó mi, mo kúrò níbẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ o! Owó tí àlejò fún wa ni Ọ̀gá fi san owó oṣù wa, tirẹ̀ ò jáde lápò. A ṣiṣẹ́ ẹni mẹ́fà, àlejò ló san án, òun ló jẹ èrè. Àdúrà tí mo ṣe fún un lọ́jọ́sí, ó ti gbà kíákíá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Nòfẹ́ńbà

Èmi àti Wàhábì lọ bá a nílé. A lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a kí i, a kí ìyàwó rẹ̀, a kí òkè Olóṣùnta tó ń wò wá láti ẹ̀yìnkùlé. Mo ṣàlàyé. Ọ̀gá ò bínú rárá, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó ní, "Màmá Bùsọ́lá, ilé ta ni àlejò wá? Bí kò sí ilé mi, níbo lẹ̀yin yóò ti rí wọn? Ohun tí wọ́n fún yín, nítorí ilé mi ni. Ẹni tó bá sì rí ibi tó sàn ju ibí lọ, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mi ò ní àgádágodo."

Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n gbé Kóòkì tútù wá fún wa. Wàhábì mu tirẹ̀. Mo pinnu pé mi ò ní mu tèmi. Òùngbẹ ń gbẹ mí, mo mu ún.

Lójú ọ̀nà, Wàhábì ní, "Ẹ jẹ́ a rọra ṣe, Màmá. Uṣẹ́ ò sí níta o." Kí ni mo fẹ́ sọ? Kò sí níta lóòótọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Nòfẹ́ńbà

Kò síná. Ẹ̀rọ omi ò ṣiṣẹ́. Garawa mọ́kànlélógún láti inú kànga. Mo kà á.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Nòfẹ́ńbà

Mi ò rí ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ẹ̀ńjíníà Bánjọ tó wà ní yàrá kẹrin, ẹni tó ń kọ́ ọ́fíìsì fún ìjọba ní Adó, ibà ti dá a wó. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Ó ń bì, ó ń bì, kò sí ìyàwó, kò sí ọmọ nítòsí. Hàlímàt ló ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́, ló ń fi aṣọ tútù nù ún, ló ń bẹ̀ ẹ́ kó mu ògì. Mo ní kó jẹ́ kí n gbà á fún un, ó ní, "Màmi, ẹ lọ sinmi ẹsẹ̀ yín." Iṣẹ́ tirẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ o, yàrá mẹ́fà. Kò sí ẹni tó bá a dín in.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Nòfẹ́ńbà

Ọlọ́run ò sùn!

Mo dé ulé ní ọ̀sán fún ìsinmi wákàtí kan, kí n tó bọ́ bàtà ni Hàlímàt wọlé tọ̀ mí wá. Ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ló dé, ta ló kú? Ó fa àpòòwé yọ láti inú ìró. Ara Ẹ̀ńjíníà ti yá pátá. Ó pe ọmọ náà, ó bi í pé kí ló fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe, ọmọ náà sọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì fún un. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ náírà ló wà nínú àpòòwé yẹn, gẹ́lẹ́. Ó ní, "Má fi èyí sínú àpótí Akíndélé o. Tìẹ ni. Ọmọ mi kò lè tọ́jú mi jù báyìí lọ."

A jó. Èmi pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi yìí. Hàlímàt ní, "Màmi, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀, kó má baà sọnù. Ọjọ́ Ajé ni màá lọ san án." Mo dì í mọ́ abẹ́ aṣọ Àìkú mi nínú àpótí aṣọ.

Òfin Ọ̀gá wá sí mi lọ́kàn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ṣé owó ọṣẹ nìyí? Owó èébì tó kó ni. Owó àìsùn ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Nòfẹ́ńbà

Ẹnu mi yìí! Ẹnu mi ló pa ọmọ ọlọ́mọ.

Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n má baà máa tan ara mi jẹ lọ́la. Mo jí, mo wẹ̀, mo wọ ìró tó mọ́. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ẹni kan ṣe ọmọ mi lóore lánàá, èmi ìyá rẹ̀ níbí ò sì tíì fojú kàn án. Ṣé kí ilẹ̀ mọ́, kí n máa gbé ẹ̀wà kọjá lójú rẹ̀ bí ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé? Ìyá mi kọ́ mi pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Láti kékeré, a kì í jẹ́ kí oòrùn mú kí a tó lọ kí ẹni náà pé ẹ ṣé àná.

Ẹ̀ńjíníà ń jẹun láàárọ̀ ní pálọ̀. Ọ̀gá Akíndélé jókòó tì í, wọ́n ń sọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì. Mo rí Ọ̀gá o! Ojú mi ò fọ́. Mo rí i, mo kí i, mo sì kúnlẹ̀ síwájú Ẹ̀ńjíníà, mo ní, "Ẹ ṣé o, bàbá, ti àná. Ẹ ṣé tí ẹ ṣe ọmọ wa lóore. Ọlọ́run á dá a padà lọ́nà ẹgbẹ̀rún."

Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi kí n tó gbọ́ ọ. Mo rí ojú Ẹ̀ńjíníà tó yí.

Ọ̀gá gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kí lẹ ṣe fún wọn lánàá tó tó báyìí?"

Ẹ̀ńjíníà ní, "Nǹkan kékeré ni jàre. Ọmọ yẹn tọ́jú mi nígbà tí mo ṣàìsàn."

"Ó dáa," ni Ọ̀gá wí. "Ó dáa púpọ̀." Ó bù ṣúgà sí tíì rẹ̀, ó rò ó, ó mu ún tán. Èmi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tí Ẹ̀ńjíníà wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn lọ rí ìdílé rẹ̀, Ọ̀gá ṣí àpótí orí káńtà. Náírà márùn-ún méjì ló wà níbẹ̀. Ó pe Hàlímàt.

Ọmọ náà ò parọ́. Ọmọ tí mo mú wá, kò mọ irọ́ pa. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, ó fún mi. Ó ní kí n má fi síbẹ̀."

"Ta ló ni ilé, òun ni àbí èmi?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Olè ni ọ́." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń ka iye yàrá. "Ìwọ àti ẹni tó mú ọ wá. Owó yẹn gbọ́dọ̀ délẹ̀ níbí kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo ń lọ sí tèṣàn."

Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Wàhábì dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú épúrọ́ọ̀nù lọ́rùn. Ó ní kí a dìde, kí a lọ máa ṣiṣẹ́, àlejò ń bọ̀.

Hàlímàt ò bá mi sọ nǹkan kan tó burú. Ó ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Màmi, ẹ jẹ́ ká jọ di igun kejì mú." Ì bá bú mi. Ì bá dára kó bú mi.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Nòfẹ́ńbà

Mo wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò gbọ́ ìwàásù. Mo rò ó báyìí, mo rò ó báhùn-ún. Bí a bá mú owó náà sá, ọmọ náà lè wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọlọ́pàá á sì wá gbé e níwájú kíláàsì. Bí a bá dá a padà, iṣẹ́ lè kù, a sì lè rí nǹkan ṣe kí ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n tó pé. Mo sọ fún Hàlímàt bẹ́ẹ̀. Mo ní àgbà ni mí, mo ti rí irú èyí rí, ká tu ọkùnrin náà lójú. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ bá ti wí, Màmi."

Mo gbé àpòòwé náà lọ. Ọ̀gá kà á, ó tì í sínú ihò àpótí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Àgbà ni yín lóòótọ́." Mo ní ṣé kí Hàlímàt máa bọ̀ níṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la? Ó ní kó máa bọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 18 Nòfẹ́ńbà

Ó wá. Aago mẹ́fà ló dé. Ó gbálẹ̀ gbogbo kọ́rídọ̀, ó fọ ilé ìwẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó ṣe tán ni Ọ̀gá pè é, tó ní kó máa lọ, òun ò lè gba olè sílé. Kò fún un ní kọ́bọ̀ fún ọjọ́ méjìdínlógún tó ti ṣe nínú oṣù.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ní kó máa bọ̀!"

Ó ní, "Ṣé kò wá ni?"

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Nòfẹ́ńbà

Mo lọ bá olórí àjọ wa. Ó ní ti oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀ ni tèmi, ẹni tó kàn ń ṣòkú bàbá rẹ̀. Mo lọ bá Ìyá Ìjọ. Ó fún mi ní ọgọ́rùn-ún náírà àti Sáàmù. Mo gbé ìró mi tó dára jù jáde lọ tà, wọ́n ní ọ̀ọ́dúnrún ni àwọn á san. Mo gbà á. Irínwó nìyẹn. Mo fi kún un títí, ẹgbẹ̀ta ló dé, ó dúró.

Hàlímàt ti lọ sílé ní Òde. Ó ní kí n ránṣẹ́ pè é bó bá di ṣíṣe.

Ọjọ́ Ẹtì, 29 Nòfẹ́ńbà

Kò di ṣíṣe. Wọ́n ti ti ìforúkọsílẹ̀ ní aago mẹ́rin. Mo kọjá níwájú géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà tí mo ń ti ọjà bọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń jáde pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́, wọ́n ń pariwo. Mo sáré kọjá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Dìsẹ́ńbà

Ọyẹ́ ti dé. Ètè mi ti là.

Ẹ̀ńjíníà Bánjọ padà dé láti Ìbàdàn. Mo gbé omi gbígbóná lọ fún un, mo ti ilẹ̀kùn, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó di ọwọ́ mọ́ orí. Ó ní, "Háà! Màmá, kí ló dé tí ẹ sọ ọ́ lójú rẹ̀?" Mo ní mi ò mọ̀, bàbá, mo fẹ́ dúpẹ́ ni. Ó ní òun á bá Akíndélé sọ̀rọ̀.

Ó bá a sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Mo gbọ́ wọn láti kọ́rídọ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rín ni mo ń gbọ́. Ó jáde, kò wo ojú mi dáadáa. Ó ní, "Ẹ ṣe sùúrù, Màmá. Ọ̀rọ̀ ilé onílé ni. Òun náà ló sì ń gba àwọn òṣìṣẹ́ mi mẹ́jọ sílé ní ìdajì owó." Mo ní ṣé ó lè tún ṣe ọmọ náà lóore ni? Ó ní wọn ò tíì sanwó iṣẹ́ fún òun ní Adó, kí n jẹ́ kó di ọdún tuntun. Ó fi ogún náírà sí mi lọ́wọ́.

Kì í ṣe ènìyàn búburú. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn búburú ni, ǹ bá ti rí ẹni gbé ìbínú mi lé.

Mo fi ogún náírà náà sínú àpótí. Ọ̀gá ń wò mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Dìsẹ́ńbà

Mo lọ sí Òde-Èkìtì. Ọgọ́rin náírà ni mọ́tò gbà ní àlọ, nítorí epo ò sí. Mo mú ẹgbẹ̀ta tí mo rí lọ́wọ́. Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Adó ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ.

Ìyá Hàlímàt jókòó síwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó dìde, ó dì mọ́ mi, ó bu omi fún mi. Kó tó jókòó padà ni mo ti wó lulẹ̀. Mo ní, "Èmi ni mo ba ti ọmọ yín jẹ́. Kì í ṣe ọ̀gá nìkan. Ẹnu mi ni, èmi náà ni mo sì kó owó fún un."

Ó gbé mi dìde. Ó ní, "Mo mọ̀. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ tó dé." Ó tún padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. "Kí lẹ ì bá ṣe, Màmá Bùsọ́lá? Bó bá jẹ́ èmi ni, èmi náà á lọ dúpẹ́. Ṣé kí ẹ wá ṣe bí ẹran ni?"

Ẹkún gbà mí. Mo gbé ẹgbẹ̀ta náà kalẹ̀, ó gbà á, kò kà á. Hàlímàt ti lọ sí oko bàbá rẹ̀, kò tíì dé. Ìyá rẹ̀ ju òkúta kan nù láti inú ẹ̀wà, ó ní, "Ṣé ẹ ṣì ń bá a ṣiṣẹ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó mi orí. Mo ní Bùsọ́lá ń ṣe ìdánwò àṣekágbá lọ́dún tó ń bọ̀, mo ní owó ilé, mo ní iṣẹ́ ò sí níta. Ó ń mi orí, ó ń ṣa ẹ̀wà lọ. Mi ò dúró de Hàlímàt.

Ọjọ́ Ajé, 9 Dìsẹ́ńbà

Ọ̀gá mú ẹni tuntun dé. Ọmọ́tóyọ̀sí lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìgbàrà-Odò ni, kò ju ogún ọdún lọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. Ẹgbẹ̀ta náírà ni wọ́n máa san fún un. Ọ̀gá ní kí n fi gbogbo nǹkan hàn án, kí n sì kọ́ ọ ní òfin àpótí.

Mo fi kànga hàn án. Mo fi bí a ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì hàn án. Mo fi àpótí hàn án, mo sọ òfin rẹ̀ fún un bí Ọ̀gá ṣe sọ ọ́.

Nígbà tó ku àwa méjì, mo ní, "Ọmọ mi, gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣe ọ́ lóore níbí, má sọ fún mi o."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni. "Háà, Màmá! Ta ni màá wá sọ fún?"